Ìrètí Aláìsàn Kì í Káwọ́ Gbera



Àwọn àgbà ní bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ ìrètí lára aláìsàn? Ṣé kí ó kàn dùbúlẹ̀, kí ó máa wo òkè ni? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Ànábì Ayúbà nínú Àlùkùránì Alápọ̀nlé.

Ìpọ́njú ńlá bá Ànábì Ọlọ́run yìí, ṣùgbọ́n kò sọ ìrètí nù. Ó ké pe Olúwa rẹ̀. Nígbà tí ìdáhùn dé, Ọlọ́run ní kí ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Omi tútù sun jáde, fún wíwẹ̀ àti mímu. Ọba tí ó lè wò ó sàn lórí ìdùbúlẹ̀ ni ó ní kí ó gbé ẹsẹ̀. Ìrètí ni ó ń fún aláìsàn lágbára láti gbé ẹsẹ̀. Kò lè gba ipò ẹsẹ̀ gbígbé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ikọ́ ife ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1882 ni Robert Koch, dókítà ará Jámánì, rí kòkòrò tí ó ń fà á. Ní 1943 ni wọ́n rí streptomycin ní Amẹ́ríkà, oògùn àkọ́kọ́ tí ó ràn án. Lónìí, ikọ́ ife ń sàn, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n oṣù 6 ni a sábà máa ń lò ó.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò ní ìrètí kò ní lọ fún àyẹ̀wò rárá. Yóò ní ayé ti ṣe òun. Ẹlòmíràn lo oògùn fún oṣù kan, ikọ́ rọlẹ̀, ó ní, “Alhamudu lilahi, ara mi ti yá,” ó sì da ìyókù nù. Kòkòrò tí ó ṣẹ́kù lè tún gbérí, kí oògùn àkọ́kọ́ má sì ràn án mọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọwọ́ yín ni èyí kù sí. Bí ikọ́ ẹnìkan bá tó ọ̀sẹ̀ 2, ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ bí ẹni ìtìjú: afẹ́fẹ́ ni àrùn yìí ń bá rìn, kì í ṣe abọ́. Ẹ ṣí fèrèsé, kí òun náà máa bo ẹnu bí ó bá ń wúkọ́. Bí Ràmàdáànì bá bá a lórí oògùn, ẹ rán an létí pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san àwẹ̀ náà nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Kí ó má ṣe pa oògùn jẹ.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kì í dẹ́rù ba aláìsàn bí ó bá bẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni ó máa ń sọ, pé kò séwu, ìwẹ̀nùmọ́ ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹni tí ó wọlé aláìsàn tí ó ní, “Háà, o mà ti rù o!” ti bu nínú agbára rẹ̀ lọ. Ẹ kúkú wí fún un pé, “Má fòyà. Ó ku oṣù 3. Jẹ́ kí n bu omi wá, kí o lo tòní.”

Kí Ọlọ́run Ọba wo gbogbo aláìsàn wa sàn. Àmín.