Ìtọ́kasí àti Ìlò: Bí A Ṣe Ń Wọn Iṣẹ́ Onímọ̀ Èròjà

Bí mo bá ti fẹnu ba iṣẹ́ ìwádìí ní Ìjàgbó, ìbéèrè kan ni a sábà máa ń bi mí: báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ onímọ̀ kan ta ti ẹlòmíràn yọ? A lè fi ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ rọ roko, kí a sì mọ bí ó ti mú tó. Èsì tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga sábà ń fọ̀ lóde òní ni pé a ń ka ìtọ́kasí. Amọ̀ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àlàyé mi, nítorí pé kò ṣàjèjì sí wa ní Kwara.

Bí òǹkọ̀wé kan bá lo iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó di dandan kí ó dárúkọ rẹ̀. Ìdárúkọ yìí ni ìtọ́kasí. Eugene Garfield ti Amẹ́ríkà ni ó sọ kíkà rẹ̀ di iṣẹ́ ńlá, nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia tẹ Science Citation Index jáde ní 1964. Ohun tí ó ń wá ni ọ̀nà tí olùwádìí yóò fi rí àwọn iṣẹ́ tí ó bá tirẹ̀ tan. Ní 1965, Derek de Solla Price fi hàn pé láàrin ọdún kan, nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ tí ó wà nílẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tọ́ka sí rárá. Nígbà tí ó di 2005, Jorge Hirsch gbé òṣùwọ̀n h kalẹ̀. Ẹni tí ó ní àpilẹ̀kọ 10 tí a tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìgbà 10, tí kò sì ní 11 tí ó tó 11, h rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹni tí ó kọ ẹyọ kan péré, tí a tọ́ka sí i nígbà 1,000, h tirẹ̀ jẹ́ 1! Òṣùwọ̀n náà rọrùn. Ìrọ̀rùn rẹ̀ gan-an ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soboyejo. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge ní 1988, ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Princeton, ó sì darí African University of Science and Technology ní Abuja láti 2012 sí 2014. Ní 2021 ni a yàn án sí National Academy of Engineering ti Amẹ́ríkà. Ó ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí bí irin ṣe ń sán tí ó sì ń dá, ṣùgbọ́n òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ìwádìí lórí asẹ́ omi alámọ̀.

Fernando Mazariegos ti Guatemala ni ó gbé irú asẹ́ yìí kalẹ̀ ní 1981. A ó po amọ̀ mọ́ iyẹ̀ igi tí ó ń jábọ́ lábẹ́ ayùn, a ó mọ ọ́n bí ìkòkò, a ó sì sun ún. Iyẹ̀ igi á jóná, yóò fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Omi á máa kán gba ibẹ̀, kòkòrò àrùn á há. Fàdákà tí a fi pa á lára ń pa nínú èyí tí ó kù. Iṣẹ́ onímọ̀ èròjà wá ni láti mọ ìwọ̀n. Bí iyẹ̀ bá pọ̀ jù, omi á yá, ṣùgbọ́n ìkòkò kò ní lágbára, kòkòrò á sì lè rí ọ̀nà kọjá. Bí ó bá kéré jù, omi kò ní tètè kún, yóò sì sú àwọn ará ilé.

Ta ni yóò tọ́ka sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀? Olùwádìí bí i tirẹ̀ ni. Bí àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, ní Ìlọrin, bá mú ìwọ̀n náà lò, wọn kì í kọ àpilẹ̀kọ. Ìyá tí ìgbẹ́ gbuuru fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Irin ọkọ̀ òfuurufú, ní tirẹ̀, ní òǹkàwé ní ilé ìwádìí púpọ̀ lágbàáyé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàn jíjà lásán ni èyí. Ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ tí ó mọ̀ pé iye ìtọ́kasí ni yóò gbé òun ga lè fi amọ̀ ilé rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ bá ohun tí ayé ń sáré tọ̀. N kò ní kí a dá ìtọ́kasí nù. Ó ń sọ fún wa ẹni tí ó gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ ìgbéga ka àpilẹ̀kọ náà fúnra wọn, kí wọ́n sì fi àyè kan sínú ìwé tí olùkọ́ yóò kún: ta ni ó ti lo iṣẹ́ yìí, níbo ni, kí ni ó sì fi ṣe?