Sítáǹpù Kòkó Láti Iléṣà

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní Òṣogbo, nígbà tí mo fi àlùmọ́gàjí ba ogún ilé wa jẹ́ láìmọ̀.

Òṣómàálò ni bàbá bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tó sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Láti Iléṣà ló ti máa ń kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ tó ń bójú tó ìsọ̀ wọn ní Òṣogbo. Inú àpótí pákó kan ni àwọn lẹ́tà náà wà. Mo gé gbogbo sítáǹpù ara wọn, mo rẹ́ etí wọn kí ó lè gún régé, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìwé iléèwé mi.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo gbé ìwé yìí lọ bá tíṣà àgbà kan ní Iléṣà, ẹni tó ti ń kó sítáǹpù jọ láti ìgbà èwe. Ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, eyín wọn dà?"

"Eyín wo, Bàbá?"

"Àwọn ihò wẹ́wẹ́ etí wọn. Ṣé ìwọ lo gé wọn sọ nù?"

Ó wá là mí lọ́yẹ̀. Ohun tí òǹtẹ̀wé kà sí àbùkù ni àwọn olùkójọ ń wá kiri. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1918, William Robey ra abala sítáǹpù 100 tí ọkọ̀ òfurufú inú rẹ̀ dorí kodò. Sẹ́ǹtì 24 ni iye ẹyọ kan. Lọ́dún 2023, ẹyọ kan nínú wọn tà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Nílé níbí pẹ̀lú, lọ́dún 1893, wọ́n tẹ iye tuntun, ìdajì kọ́bọ̀, lé orí sítáǹpù kọ́bọ̀ mẹ́rin ti Èkó. Àwọn kan wà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lé lẹ́ẹ̀mejì, àní lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà tí kì í ṣe àṣìtẹ̀, tí ojú lásán kò sì lè rí. Ní 1 oṣù Kejì ọdún 1936, Nàìjíríà gbé ọ̀wọ́ sítáǹpù kan jáde, èyí tó ní àwòrán Ọba George Karùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba náà ti kú ní 20 oṣù Kìíní. Kòkó ló wà lára ti kọ́bọ̀ kan. Iye ihò tó bá wà nínú sẹ̀ǹtímítà méjì ni wọ́n fi ń wọn etí rẹ̀: ti òkè àti ìsàlẹ̀ ṣáájú, ti ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé e. Èyí tó jẹ́ 11½ × 13 ló wọ́pọ̀. Nínú ọ̀wọ́ náà, àwọn iye mìíràn kan wà tí èyí tó jẹ́ 12½ × 13½ nínú wọn gbówó lórí. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Sítáǹpù kòkó méje ló wà nínú ìwé mi, kò sí èyí tó ní eyín. Iye ihò tó wà létí wọn, n kò lè mọ̀ ọ́n láé.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a ń tún òrùlé ilé ṣe, ẹ̀gbọ́n mi rí àpò lẹ́tà kan tí ọwọ́ mi kò tó nígbà náà. Òǹtẹ̀ Iléṣà ti ọdún 1937 wà lórí sítáǹpù kòkó náà, gbogbo eyín rẹ̀ pé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ti ń kà á. 11½ × 13 ni.

A wá ka lẹ́tà inú rẹ̀. Bàbá Àgbà kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ pé ìyàwó onígbèsè wọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó má ṣe lọ lóṣòó síbẹ̀ títí ìkómọ yóò fi kọjá. Òṣómàálò tí a gbọ́ ìtàn líle rẹ̀ ni èyí! Oníṣòwò kan ní kí a yọ sítáǹpù náà fún òun. A kò gbà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá rí lẹ́tà àtijọ́ nílé, ẹ má gé e, ẹ má rẹ ẹ́ sómi. Ẹ fi sítáǹpù sílẹ̀ lára àpò rẹ̀, ẹ pa á mọ́ kúrò nínú oòrùn àti ọ̀rinrin, kí ẹ tó ka ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka lẹ́tà inú rẹ̀ pẹ̀lú.