Ìkànnì Àkọ́kọ́: Ká Mọ Ẹni Tó Ni Ilẹ̀ Ká Tó Pe Bíríkìlà

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé wa tó kọjá yóò rántí ìbéèrè tí ìyá wa kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú dìde bi wá. Ìyá ní oníbàárà òun kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ orúkọ ìkànnì ẹgbẹ́ wa sórí fóònù, àwòrán tẹ́tẹ́ ló bá níbẹ̀. Oníbàárà náà pe Ìyá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹgbẹ́ yín ti ń ta tẹ́tẹ́ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, owó wa lẹ fi kọ́ ilé yẹn. Ta ló wá ń gbé inú rẹ̀?"

A kò rí èsì gidi fún Ìyá lọ́jọ́ náà. Èsì ọ̀hún la mú wá lóṣù yìí, nítorí pé ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa dìbò lórí bí a ó ṣe kọ́ òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti ń bi wá léèrè nípa ìkànnì fún ọjà tiyín. Nítorí náà, ohun tí a kọ síbí, ti ẹgbẹ́ ni, ti olúkúlùkù sì ni.

IBI TÍ A TI ṢÌṢE

Ní ọdún 2021 la gbé iṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó kọ́ ìkànnì fún wa. A ò ní purọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Àwòrán ọjà wa hàn ketekete, nọ́ńbà fóònù wa wà níbẹ̀. Inú wa dùn, a tẹ orúkọ ìkànnì náà sára pásíbúùkù, a tẹ̀ ẹ́ sára báàgì tí a pín lọ́dún yẹn. Ohun tí a kò bèèrè ni pé, orúkọ ta ló fi gbà á? Orúkọ ara rẹ̀ ni. Ímeèlì ara rẹ̀ ló lò, káàdì ara rẹ̀ ló fi san owó, a sì dá owó náà padà fún un ní káàṣì láìgba rìsíìtì.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ jà wá lólè. Bí iṣẹ́ ṣe yá a lọ́wọ́ ló ṣe é. Ní 2023 ó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Owó orúkọ ìkànnì sì rèé, ọdọọdún là ń san án. Ìránnilétí ń lọ sínú ímeèlì tí kò yẹ̀ wò mọ́, kò sí ọ̀kan tó dé ọ́fíìsì wa. Ọjọ́ pé, kò sẹ́ni tó san. Wọn kì í gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n máa ń fúnni ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ènìyàn fi rà á padà, ṣùgbọ́n àwa ò mọ̀ rárá pé nǹkan ń jóná. Orúkọ bọ́ sọ́jà, ẹlòmíràn rà á. Bí ilé wa ṣe di ilé onítẹ́tẹ́ nìyẹn.

A gba ẹ̀bi náà. Àwa tí kì í yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láìsí onídùúró méjì, àwa náà la fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ láìsí ìwé kankan! Ṣùgbọ́n ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

OHUN MẸ́TA TÓ PARA PỌ̀ DI ÌKÀNNÌ

Ẹ jẹ́ ká fi wé ìsọ̀ ọjà. Ìkíní ni orúkọ. Òun ni oníbàárà ń tẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì máa ń parí sí .com, tàbí .com.ng, tàbí .org.ng. Àwọn tó parí sí .ng, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní NiRA ló ń bójú tó wọn ní Nàìjíríà. Wọn kì í ta orúkọ pátápátá fún ènìyàn. Ẹ̀tọ́ láti lò ó lẹ̀ ń sanwó fún, fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti ń san, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ìkejì ni ààyè. Èyí ni kọ̀ǹpútà kan ní ilé-iṣẹ́ kan, tí kì í sùn tọ̀sán tòru, tí ojú-ewé yín ń gbé inú rẹ̀. Owó rẹ̀ dà bí owó ìsọ̀. Ìkẹta ni ohun tí ẹ pàtẹ sínú ìsọ̀: ọ̀rọ̀, àwòrán àti iye owó ọjà.

Bí ààyè bá bàjẹ́, ẹ lè kó lọ síbòmíràn, kí orúkọ máa júwe ibi tuntun. Àmọ́ bí orúkọ bá lọ, oníbàárà ò ní mọ̀nà dé ọ̀dọ̀ yín mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní orúkọ ni ilẹ̀.

Ètò ìkànnì fúnra rẹ̀ kò ní onílé tó ń gbowó. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tim Berners-Lee, ló gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1989 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Switzerland. Ìkànnì àkọ́kọ́ jáde sí gbangba ní 1991, nígbà tó sì di 1993, CERN ní kí gbogbo ayé máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá san "owó ìkànnì", ẹ ní kó là á yé yín: ṣé owó orúkọ ni, àbí owó ààyè, àbí owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÓ WÀ NÍLẸ̀

Ọ̀nà kìíní ni kí ènìyàn pàtẹ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, bíi Facebook, Instagram àti WhatsApp Business. Ó dára, nítorí ibẹ̀ ni oníbàárà wà tẹ́lẹ̀. A ò ní kí ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Ẹ rántí pé láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022 ni ìjọba ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Google náà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ìkànnì ọ̀fẹ́ nígbà kan, ó sì pa gbogbo rẹ̀ ní oṣù kẹta 2024. Onílé ò jalè o, ilé rẹ̀ ló tì. Ẹni tí kò ní ibòmíràn ló sunkún.

Ọ̀nà kejì ni ilé tí wọ́n ti tò sílẹ̀, bíi Wix, Squarespace tàbí WordPress.com. Ẹ ó yan àwòrán ilé tó wù yín, ẹ ó fi ọ̀rọ̀ àti fọ́tò tiyín sí i, ó parí. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà lè ṣe é láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ló ń tún un ṣe, àwọn ló ń ṣọ́ ọ. Àléébù rẹ̀ ni pé owó rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró, dọ́là sì ni wọ́n sábà máa ń fi ka owó náà. Bí náírà bá ṣubú, owó ìsọ̀ yín gòkè. Ọ̀fẹ́ inú wọn wà, ṣùgbọ́n orúkọ tiwọn ni wọ́n máa so mọ́ tiyín. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ kúrò ní Wix, ẹ lè kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán yín, ilé náà kò ṣeé gbé.

Ọ̀nà kẹta ni WordPress fúnra rẹ̀, èyí tí a ń gbé sórí ààyè tí a bá háyà. Ọ̀fẹ́ ni. Matt Mullenweg àti Mike Little ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, ó sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìkànnì ayé tó ń lò ó báyìí. Ẹ lè háyà ààyè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tó ń gba náírà, bí wọn ò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kó ẹrù yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lonílé, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe. Bí ẹ kò bá máa gba àtúnṣe tuntun tí wọ́n ń gbé jáde, olè á gba ibi tó ti sán wọlé.

Ọ̀nà kẹrin ni kí a fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ ní èdè tí wọ́n ń pè ní HTML. Ojú-ewé méjì mẹ́ta péré, kò wúwo, kì í jẹ dátà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó bá fọkàn sí i lè kọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí iye owó ọjà bá yí padà, ẹni tó mọ èdè náà ló lè tún un kọ.

Ẹnìkan á ní, "Ẹ̀yin kàn wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́, ó tán." Kò tán o. Ẹni tí ẹ bá pè, ọ̀kan nínú ọ̀nà wọ̀nyí ni yóò gbà. Ẹ bi í pé èwo ni kó tó gbowó.

BÍ Ẹ ÓÒ ṢE YÀN

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rẹwà jù. Ẹ bi ara yín: kí ni oníbàárà ń wá wá? Ta ni yóò máa yí iye owó padà? Ta ni yóò san owó ọdún kejì? Káfíńtà tí gbogbo ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, ojú-ewé kan ti tó o. Ìyá aláàdìrẹ tó ń gbé aṣọ tuntun jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀nà kejì ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó lè fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò kó sì gbé e síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìkànnì tí ẹ kò lè tún ṣe fúnra yín yóò di ògbólógbòó kí ọdún tó yí po.

Ní ti ẹgbẹ́, àwọn ọ̀dọ́ wa ń fẹ́ ọjà ńlá tí ènìyàn lè sanwó nínú rẹ̀. Àwọn àgbà kan ní kí a má tilẹ̀ kọ́ nǹkan kan mọ́. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé síwájú yín ni ọ̀nà kẹta, pẹ̀lú ojú-ewé márùn-ún péré, láìsí ìsanwó lórí rẹ̀ lọ́dún kìíní. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A ò sì ní gbé orúkọ àti owó ọmọ ẹgbẹ́ kankan síbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 wà, òfin tiwa náà sì wà.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ GBÀGBÉ MỌ́

1. Kí a gba orúkọ ìkànnì lórúkọ ẹni tó ni ín, pẹ̀lú ímeèlì tí ènìyàn méjì lè ṣí. Ti ẹgbẹ́, akọ̀wé àti akápò ni.

2. Kí a gba rìsíìtì orúkọ àti ti ààyè, kí a fi wọ́n sínú fáìlì.

3. Kí a kọ ọjọ́ tí owó yóò tán sínú ìwé akápò àti sára kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì, kí a sì san án ní oṣù kan ṣáájú.

4. Kí a kọ pásíwọ̀ọ̀dù sínú àpòòwé, kí a lẹ̀ ẹ́ pa, kí a tì í mọ́ inú séèfù. Bí akọ̀wé bá kúrò nípò, a yí i padà.

5. Kí a fi fóònù kékeré yẹ ìkànnì wò kí a tó san owó tó kù. Fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ń lò.

6. Àmì ààbò, èyí tó ń mú kí àdírẹ́sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ Let's Encrypt. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó gọbọi lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

7. Kí a máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù.

Ìyá wa, èsì yín rèé: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló ń gbé inú ilé yẹn, kì í sì í ṣe orúkọ wa ló wà níbẹ̀. Ẹ má bínú. A ti ra ìwé aláwọ̀ funfun tí a ó fi lẹ orúkọ àtijọ́ pa lára pásíbúùkù. Ẹ mú tiyín dání wá sí ìpàdé. Bí ẹ bá dìbò tán, kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọ̀ǹpútà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ó ka rìsíìtì orúkọ tuntun náà sí gbogbo yín létí.

Ẹ ò ní pàdánù o.

Akọ̀wé yín