Ọwọ́ tó ń gbọ̀n lórí itan

Ojú bàbá kì í tú ká mọ́. Àwọn ọmọ rò pé inú ló ń bí wọn. Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ gàdàgbà tẹ́lẹ̀ ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ará ilé ní ọjọ́ ogbó ni, ará àdúgbò ní ọwọ́ ayé ni. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àrùn Parkinson.

Ọdún 1817 ni James Parkinson, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé nípa rẹ̀. Aláìsàn mẹ́fà péré ló fi ṣe é, ojú títì ló sì ti rí àwọn kan nínú wọn. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 11 oṣù Kẹrin, ni ayé fi ń sọ̀rọ̀ àrùn náà lọ́dọọdún.

Inú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń pèsè dopamine níbẹ̀, èròjà tó ń jẹ́ kí apá àti ẹsẹ̀ jíṣẹ́ tí a rán wọn láìjáfara. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kú. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Ọwọ́ náà a máa gbọ̀n bó bá sinmi lórí itan, a sì máa rọlẹ̀ bó bá nà mú ife. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ gbọ̀n: ara wọn á kàn le, gbogbo nǹkan á máa falẹ̀. Àìrígbẹ́yà, imú tí kò gbọ́ òórùn mọ́ àti ìjà jíjà lójú oorun lè ti ṣáájú ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọjọ́ ogbó kọ́ o. Ẹni ọdún 42 ni Muhammad Ali, akànṣẹ́ nì, nígbà tí wọ́n sọ fún un ní 1984 pé ó ní àrùn náà. Ní 1996, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló fi tan iná Òlíḿpíìkì ní Atlanta.

Oògùn tó ń wò ó sàn pátá kò sí, àmọ́ levodopa, tí ọpọlọ ń sọ di dopamine, ń tú ara sílẹ̀. Ó wà nínú hóró wèrèpè pàápàá, ewéko tí a ń sá fún nítorí yíyún! Ẹ má torí ẹ̀ lọ̀ ọ́ mu. Ta ló mọ ìwọ̀n tó wà nínú hóró kan? Ẹran àti ẹ̀wà máa ń bá oògùn náà du ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi sábà ń ní kí a lò ó ṣáájú oúnjẹ.

Nínú wíwá ohun tó ń fa àrùn náà, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Yúróòpù ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń yẹ̀ wò jù tẹ́lẹ̀. Ní 2023, àwọn onímọ̀, tí Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára wọn, yẹ ti àwọn ọmọ Nàìjíríà àti aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wò, wọ́n sì rí ìyípadà kan nínú àbùdá GBA1 tó ṣọ̀wọ́n lára òyìnbó. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu tirẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ ti ẹni tí kò jogún rẹ̀ rárá.

Nílé, ẹ ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀. Ẹ má já ife gbà lọ́wọ́ bàbá, ẹ má sì bá wọn parí ọ̀rọ̀ tó ń falẹ̀ lẹ́nu wọn. Bí ẹsẹ̀ wọn bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síwájú wọn. Ẹsẹ̀ tó kọ̀ láti gbéra sábà máa ń dá ìlà náà kọjá.