Yíyan Áńtẹ́nà Olóòró àti Lílò Rẹ̀ fún Rédíò Ámátọ̀ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́

Ìfáárà

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já ní ìtòsí Côte d'Ivoire. Lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ báńkì púpọ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń rán wa létí pé ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbára lé wáyà abẹ́ òkun tàbí òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Òun ni rédíò ámátọ̀, ìyẹn rédíò tí èèyàn ń fi ìfẹ́ ara rẹ̀ ṣe láìgba owó lórí rẹ̀. Ó ní ìwé àṣẹ ìjọba tirẹ̀ àti àmì ìpè tirẹ̀: ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ti Benin pẹ̀lú TY, ti Togo pẹ̀lú 5V. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi í sọ̀rọ̀ láìní ìwé àṣẹ náà.

Ohun tó gbé wa dé ìdí iṣẹ́ yìí ni pé a ti rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ilé-ẹ̀kọ́ ná owó gọbọi lórí ẹ̀rọ rédíò fún ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n wá gbé áńtẹ́nà tó kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ sórí páànù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gbà pé rédíò ti di ohun ayé àtijọ́, ẹ̀rọ á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀, rédíò kọ́ ló jẹ̀bi. Áńtẹ́nà ni, pàápàá irú tí à ń pè ní áńtẹ́nà olóòró, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà nítorí pé kò gba àyè, láìmọ̀ pé ìdajì rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ohun tí áńtẹ́nà olóòró jẹ́

Òòró àti ìbú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì létí wa. Ọmọ ilé-ìwé tó ń yanjú àdììtú ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn mọ èyí tó lọ sókè-sódò yàtọ̀ sí èyí tó dùbúlẹ̀. Áńtẹ́nà olóòró ni wáyà tàbí ọ̀pá kan ṣoṣo tó nàró. Áńtẹ́nà oníbùú ní tirẹ̀ ní apá méjì tí a na láàárín òpó méjì bí okùn ìsáṣọ. Apá méjì ni Heinrich Hertz ará Jámánì lò nígbà tó kọ́kọ́ ṣe ìgbì rédíò. Guglielmo Marconi ló gbé apá kan nàró, tó sì so èkejì mọ́ ilẹ̀. Irú ètò yìí ló lò títí tó fi gbọ́ àmì láti Poldhu ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìkọjá òkun Àtìláńtíìkì ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1901.

Gígùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fojú dá. Ìgbì rédíò ń sáré tó 300,000 kílómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, bí a bá pín 300 sí fíríkúẹ́ǹsì tí a fẹ́ lò, tí a fi mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì kà, a ó rí gígùn ìgbì kan ní mítà. Ní 14.2 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, ìgbì kan jẹ́ mítà 21.1. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni áńtẹ́nà olóòró nílò, ìyẹn mítà 5.28. Àmọ́ wáyà gidi máa ń kúrú ju èyí lọ díẹ̀, bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ló fà á tí àwọn tó ń ṣe é fi máa ń pín 71.3 sí fíríkúẹ́ǹsì tààrà: mítà 5.02 fún 14.2, mítà 10.04 fún 7.1, mítà 2.51 fún 28.4. Ẹ kọ́kọ́ gé e gùn díẹ̀ ná. Wáyà tó gùn ṣe é dín kù.

Gbòǹgbò rẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Iná tó gun wáyà olóòró lọ gbọ́dọ̀ rí ibi padà sí. Ní áńtẹ́nà oníbùú, apá kejì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ti olóòró, àwọn wáyà tí a tẹ́ yí ìdí rẹ̀ ká bí ìtànṣán oòrùn ló ń ṣe é. A ó máa pè wọ́n ní wáyà gbòǹgbò nínú iṣẹ́ yìí, nítorí bí ti igi ni wọ́n ṣe tàn ká, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ níbi tí ojú kò tó.

Bí wáyà gbòǹgbò kò bá tó, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni iná náà máa gbà kọjá. Ilẹ̀ kì í ṣe bàbà. Ó ń dènà iná, ìdènà náà sì ń sọ agbára wa di ooru. Ilẹ̀ iyanrìn gbígbẹ àti ilẹ̀ olókùúta burú jù. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ sàn. Etí òkun oníyọ̀, bíi Badagry tàbí Bonny, ló dára jù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní òkè ọya mọ bí ilẹ̀ ṣe ń rí nígbà ọyẹ́. Áńtẹ́nà tó ń ṣe dáadáa ní oṣù kẹsàn-án lè rọ ní oṣù kìíní láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí á fi nọ́ńbà ṣe é. Áńtẹ́nà olóòró tó jẹ́ ìdá mẹ́rin ìgbì ní nǹkan bí óòmù 36 tó ń lò láti fi ju ìgbì sí òfúrufú. Ká ní ìdènà ilẹ̀ jẹ́ óòmù 14. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50. Kébù tí à ń lò fún rédíò ámátọ̀ náà jẹ́ óòmù 50 (ti díìṣì tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 75, kí ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀). Mítà SWR á wá sọ pé 1 sí 1, ohun gbogbo pé. Inú olùkọ́ á dùn. Bẹ́ẹ̀, nínú wáàtì 100, wáàtì 72 péré ló lọ sókè. Wáàtì 28 ń yá ilẹ̀ lóòru. Bí a bá tún tẹ́ wáyà gbòǹgbò sí i títí ìdènà ilẹ̀ fi wálẹ̀ sí óòmù 4, àpapọ̀ á di 40, mítà SWR á gùn lọ sí 1.25, ẹni tí kò mọ̀ á sì sọ pé a ti bà á jẹ́. Àmọ́ wáàtì 90 ló ń lọ sókè báyìí.

A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Mítà SWR kò sọ bí áńtẹ́nà ṣe dára tó. Bí kébù ṣe bá áńtẹ́nà mu ló ń sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá so rẹ̀sísítọ̀ óòmù 50 mọ́ ẹnu kébù, SWR á pé pérépéré, síbẹ̀ ohùn wa kò ní dé ẹnu ọ̀nà.

Mélòó ló tó? Ní ọdún 1937, Brown, Lewis àti Epstein gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti ìgbà náà sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ńláńlá ti ń rì wáyà 120 sábẹ́ òpó wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Láti orí 4 dé 16, ìyàtọ̀ tó ń mú wá pọ̀. Láti 16 dé 32, ó ṣì hàn. Lẹ́yìn náà, owó wáyà á pọ̀ ju èrè lọ. Èyí tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ kò ní kí á fi ìwọ̀n gé e, ilẹ̀ ti ba ìwọ̀n náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wáyà kúkúrú púpọ̀ sàn ju gígùn díẹ̀ lọ. Àmọ́ bí a bá gbé ìdí áńtẹ́nà kúrò nílẹ̀, ká sọ pé mítà mẹ́ta sókè, wáyà gbòǹgbò mẹ́rin péré lè tó, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìdá mẹ́rin ìgbì gẹ́lẹ́.

Ta ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú owó. Áńtẹ́nà olóòró ń ju ìgbì sí ibi tó rẹlẹ̀ sí ojú ilẹ̀, ní gbogbo ìhà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbì bẹ́ẹ̀ máa ń rìn jìnnà kó tó kan ìpele òfúrufú tí à ń pè ní ayónósífíà, tó ń dá a padà sílẹ̀. Nítorí náà, ní 14 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, ẹni tó wà ní Nàìjíríà lè bá Yúróòpù tàbí Brazil sọ̀rọ̀ dáadáa. Àmọ́ ká ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kontagora fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́sàn-án lórí 7 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì ńkọ́? Olóòró kọ́ ló yẹ wọ́n. Ìgbì rẹ̀ á fò wọ́n kọjá. Wáyà oníbùú tí kò ga ju mítà mẹ́fà tàbí méje lọ, tó ń ju ìgbì sókè gan-an kó lè bọ́ sílẹ̀ nítòsí, ni kí wọ́n na. Ó tilẹ̀ pọ́n dandan fún iṣẹ́ pàjáwìrì láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀.

Olóòró tún máa ń gbọ́ ariwo ju oníbùú lọ. Jẹnẹrétọ̀, ínfátà, ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà, gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú: gbogbo wọn ni á máa kùn sí i létí. Ẹ gbé e jìnnà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Nípa èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ara páálí pé kò nílò wáyà gbòǹgbò, ẹ béèrè ibi tí iná ń padà sí. Nígbà mìíràn, ìdáhùn gidi wà: olóòró tó jẹ́ ìdajì ìgbì, tó ní àpótí tó ń bá kébù dọ́gba, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò wáyà ilẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kébù fúnra rẹ̀ ló ń di gbòǹgbò, tó ń gbé ìgbì wọ inú ọ́fíìsì. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tó kúrú jù. Áńtẹ́nà mítà 2.5 tí wọ́n we wáyà mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ ní 7 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì ní nǹkan bí óòmù 1.4 péré láti fi ju ìgbì. Lórí ilẹ̀ olóòmù 14, nínú wáàtì 100, nǹkan bí wáàtì 9 ló máa lọ sókè, kí á tó ka èyí tí wáyà wíwé náà jẹ.

Ní tiwa, ọparun gígùn kan, wáyà bàbà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń ṣe wáyárìn ilé tí a fi téèpù lẹ̀ mọ́ ọn lára, àti wáyà gbòǹgbò mẹ́rìndínlógún ló dára ju ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú páálí lọ.

Ààbò

Ọ̀pá tó nàró ní pápá ń pe àrá. Ẹ ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì sí ìdí áńtẹ́nà, kí ẹ sì yọ kébù kúrò lára rédíò nígbà tí òjò bá ṣú, kì í ṣe nígbà tí àrá bá ti ń sán. Nígbà ọyẹ́ náà, eruku tó ń fẹ́ lu wáyà máa ń kó iná sí i lára, tí rédíò á máa ta ṣáṣá. Rẹ̀sísítọ̀ 100 kílò-óòmù láti áńtẹ́nà sí ẹ́ẹ̀tì á máa jò ó dànù díẹ̀díẹ̀.

Wáyà NEPA ló ń pa èèyàn jù nídìí iṣẹ́ yìí. Ní ọwọ́ tiwa, bí ọ̀pá bá ga mítà mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ sí wáyà iná láàárín ogún mítà sí i níhà èyíkéyìí, nítorí ìgbà tí a bá ń gbé e nàró ló máa ń já bọ́. Ẹ fi ọgbà kékeré yí ìdí rẹ̀ ká pẹ̀lú. Ẹni tó bá fọwọ́ kan wáyà nígbà tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ yóò jóná.

Nínú kíláàsì

Fún kíláàsì tí kò tí ì ní ìwé àṣẹ, iṣẹ́ àṣedánwò kan wà tí a gbà pé ó wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ NCE fisíìsì. Ohun tó gbà ni áńtẹ́nà ọparun wa àti ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré bíi NanoVNA, tí agbára tó ń jáde láti ara rẹ̀ kéré gan-an. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ wáyà gbòǹgbò méjì, kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ìdí áńtẹ́nà gan-an, kí wọ́n wá fíríkúẹ́ǹsì tí áńtẹ́nà ti dọ́gba, kí wọ́n sì kọ iye óòmù tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n tún ṣe é pẹ̀lú 4, pẹ̀lú 8, pẹ̀lú 16, pẹ̀lú 32. Nọ́ńbà náà á máa wálẹ̀, á máa sún mọ́ 36. Bí wọ́n bá yọ 36 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó kù ni nǹkan bí iye tí ilẹ̀ ń jẹ. Kí wọ́n ya á sórí gíráàfù, kí wọ́n sì kọ àlàyé rẹ̀ ní èdè abínibí wọn, ìbáà jẹ́ Haúsá, Nupe, Ìgbò tàbí Yorùbá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n padà wá tún un ṣe lórí ilẹ̀ kan náà ní oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, kí wọ́n fi gíráàfù méjèèjì wé ara wọn.