Ìwé Ẹ̀rí Kò Lè Dí Ihò Táńkì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wọ ọkọ̀ òfúrufú láìmọ̀ pé inú apá rẹ̀ ni púpọ̀ nínú epo rẹ̀ wà. Apá náà gan-an ni táńkì: irin pẹlẹbẹ tí a kàn pọ̀, tí a sì fi oje bí àtè dí gbogbo ojú ìpàdé wọn. Òfin kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, táńkì onírin tí ojú rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ láìní ìtìlẹ́yìn, a ó rọ omi dé ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, a ó sì máa gbọ̀n ọ́n fún wákàtí 25. Bí ó bá jò, kò yege.

Òfin náà dára. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Naha, ní ilẹ̀ Jàpáàní, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ọdún 2007. Ọkọ̀ China Airlines kan, irú Boeing 737, ti Taiwan wá, ó sì balẹ̀ láyọ̀. Bí ó ti dúró tán ni iná sọ lára rẹ̀. Ènìyàn 165 ni ó wà nínú rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, gbogbo wọn ni ó sá là.

Kí ni ó fa iná yìí? Àwọn olùwádìí ìjọba Jàpáàní gbà pé wáṣà kan ṣoṣo ni kò sí ní ìdí nọ́ọ̀tì, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti tún ibẹ̀ ṣe. Bóòtì náà yọ. Nígbà tí a ń ká etí iwájú apá padà lẹ́yìn ìbalẹ̀, ó ti bóòtì náà gún táńkì, epo sì ń dà sí ibi tí ẹ́ńjìnnì gbígbóná wà. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọkọ̀ náà kò ṣe aláìní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí a máa sọ bí nǹkan ti rí lọ́jọ́ tí a dán an wò. Kò lè sọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe sí i lẹ́yìn náà. Nítorí èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe pàṣẹ nínú oṣù náà gan-an pé kí a tún yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí ẹ bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi “ẹni tiwa” sí ipò alábòójútó, ẹ rántí wáṣà Naha. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi àánú fún ọmọ ní máàkì tí kò ṣiṣẹ́ fún. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni yóò de nọ́ọ̀tì lọ́la. Kí ẹni tí yóò fi ọwọ́ sí ìwé kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́.