OWÓ TẸ́ Ẹ FI TẸ HÁNDÍBÍÌLÌ: ṢÉ Ó Ń PADÀ WÁLÉ ÀBÍ Ó Ń BÓMI LỌ?

Ẹ wo ilẹ̀ ní gáréèjì Ìkọ̀lé-Èkìtì nígbà tí èrò bá pọ̀, ẹ ó rí i. Hándíbíìlì aránṣọ, ti onídìrí, ti alásè, bàtà ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ bàtà, ẹlẹ́pà á fi wé ẹ̀pà. Owó mà ni o! Owó ẹni tó fi òru rán aṣọ títí ojú fi pọ́n ló wà nílẹ̀ yẹn.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgúnmu tí a kò gún kúnná, ọ̀fun ló ń há.

ỌJỌ́ TI PẸ́

Ìpolówó inú ìwé kì í ṣe nǹkan àná nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1859 ni Àlùfáà Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde l'Ábẹ́òkúta. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, kò sì pẹ́ tí ìpolówó fi wọ inú rẹ̀. Nígbà tí Hubert Ogunde bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé ní 1944, tí àwọn òṣèré alárìnkiri mìíràn tẹ̀lé e, pósítà ló máa ń ṣáájú wọn wọ ìlú. Kí ló ń wà nínú pósítà bẹ́ẹ̀? Orúkọ eré, ọjọ́, aago, gbọ̀ngàn, iye tíkẹ́ẹ̀tì. Ó parí. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ wọn á tún máa yí ìlú ká pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìwé sọ tiẹ̀, ẹnu náà sọ tiẹ̀.

TA LẸ Ń BÁ SỌ̀RỌ̀?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í bi ara wọn kí wọ́n tó lọ bá atẹ̀wé. Ìlú kò rí bákan náà.

Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń dé tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò sì mọ ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ rán aṣọ fún wọn, kó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó kọ iye owó síbẹ̀, kó sì pín in nígbà tí wọ́n bá wọlé, kì í ṣe nígbà tí wọ́n ti gba ìsinmi lọ.

Ní Ìdó-Èkìtì, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ni àjèjì ń bá wá. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò wá àwòrán tó rẹwà. Ẹ̀kọ gbígbóná ló ń wá, àti ibi tó lè sùn sí. Ẹ kọ ọ́ fún un bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí géètì ilé ìwòsàn tó, àti aago tẹ́ ẹ ń ṣílẹ̀kùn.

Ní Ìkọ̀lé, ẹ̀ka yunifásítì náà wà níbẹ̀, àmọ́ àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ló ń gbé ìlú ró. Ẹ kọ Yorùbá, kí lẹ́tà tóbi, kẹ́ ẹ sì ya àwòrán ọjà fún ẹni tí kò mọ̀wé.

OHUN TÓ Ń BA IṢẸ́ JẸ́

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àpọ̀jù. Fọ́tò ọ̀gá, fọ́tò ọkọ ọ̀gá, àdúrà, iṣẹ́ mẹ́wàá lórí bébà kékeré! Ìwé kan, ọ̀rọ̀ kan.

Ìkejì, nọ́ńbà fóònù. Mọ́kànlá ni. Bí ẹyọ kan bá ṣìnà, ẹgbẹ̀rún ìwé ti ṣòfò, oníbàárà yín á sì máa pe ẹlòmíràn. Ẹ má jẹ́ kí atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé ẹ rí ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ tẹ nọ́ńbà orí rẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá tiyín ló ń dún.

Ìkẹta, àmì ohùn. Alágbẹ̀dẹ tó ń ta ọkọ́ tí wọ́n bá bá a kọ “A ń ta ọkọ”, kó má bínú bí àwọn ìyàwó ilé bá wá béèrè iye tó ń ta ọkọ!

Ìkẹrin, irọ́. Ẹ̀yin elégbòogi, ẹ má kọ ọ́ pé oògùn yín ń wo gbogbo àrùn. Ẹni tó bá gbà yín gbọ́ lè pa dókítà tì, kó bá a kú. NAFDAC, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1993, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni polówó oògùn tí wọn kò tíì fọwọ́ sí.

Ẹ ṢÍRÒ RẸ̀

Bébà A4 kan ṣe é gé sí mẹ́rin. Bébà 250 á di hándíbíìlì 1,000. Ẹ̀rọ ńlá tó ń lo pèlétì, owó pèlétì kan náà ni, ẹ̀ báà tẹ 200 tàbí 2,000. Bó bá jẹ́ díẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ lọ bá oníkọ̀ǹpútà tàbí onífótókópì.

Ká ní ₦20,000 lẹ ná, tí èrè yín lórí oníbàárà kan sì jẹ́ ₦1,000. Ogún oníbàárà gbọ́dọ̀ tipasẹ̀ ìwé náà wá kí owó yín tó padà. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ènì ni! Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Mú ìwé yìí wá, gba ènì.” Ẹ fi bírò kọ G sára èyí tẹ́ ẹ pín ní gáréèjì, Ṣ sára ti ṣọ́ọ̀ṣì, M sára ti mọ́ṣáláṣí. Bí wọ́n bá ti ń mú un wá, ẹ kó o pamọ́ sínú agolo. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ kà á. Bí Ṣ bá jẹ́ méjìdínlógún, tí G jẹ́ méjì, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa lọ nígbà mìíràn, ẹ sì ti mọ ibi tí owó yín ń jò sí.

Ṣùgbọ́n o, ìwé kò lè ṣe ju kó mú oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà lọ. Bí aránṣọ bá kọ “Aṣọ yín yóò yá”, tó wá ń fi “ẹ padà wá lọ́la” dá ènìyàn lóhùn, ìwé tó dára jù lọ kò lè gbà á. Ẹnu oníbàárà tí inú rẹ̀ kò dùn yára ju ẹ̀rọ atẹ̀wé lọ.

Ẹ̀yin tí hándíbíìlì ti gbè rí, tàbí tó ti jẹ lówó, ojú ewé lẹ́tà wà fún yín. Ẹ kọ ọ́ wá.